Ọ̀pọ̀lọ́ Tó Ń Bèèrè Ọkọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n rọra sọ ọ́. Inú ẹni kì í dùn ká pa á mọ́ra, tèmi tilẹ̀ wá burú: kódà nígbà tí inú mi ò dùn, gbogbo àdúgbò ló máa ń gbọ́. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà á sí iṣẹ́. Mo máa ń wo ẹranko, mo máa ń sọ èyí tó jẹ́ ẹ̀yà ọ̀tọ̀ àti èyí tó kàn jẹ́ pé àwọ̀ ló pààrọ̀, èyí tí kò bá sì tíì lórúkọ, a ó fún un lórúkọ. Ọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́ mi gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní, "Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́, kí ni iṣẹ́ ẹ gan-an?" Mo sin ín dé ẹnu ọ̀nà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọ́ ni tèmi. Yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ gùn, ó sì há, pẹpẹ irin wà lọ́tùn-ún lósì títí dé òkè àjà, ìgò sì kún orí wọn fọ́fọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ inú sipíríìtì ni gbogbo wọn, wọ́n dojú kọ ọ̀nà bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Lára àwọn ìgò yẹn, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan tí a kì í fi ṣeré. Inú rẹ̀ ni ẹranko tí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ẹ̀yà náà lórúkọ nawọ́ sí pé, "Èyí gan-an ni mò ń wí." Olórúkọ là ń pè é. Ibi tí olórúkọ bá lọ, ibẹ̀ ni orúkọ máa bá a lọ.

Olórúkọ kan wà ní pẹpẹ ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi yíǹkì pupa fa ìlà sórí orúkọ ara ìgò rẹ̀. Ohun tí ìlà yẹn ń sọ ni pé orúkọ náà ti kú. Màámi ló sọ ọ̀pọ̀lọ́ náà lórúkọ, nígbà tí àwọn náà ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá yìí. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n fún ọ̀pọ̀lọ́ yẹn, àkọ́bí wọn, tó kú kó tó lè dá jókòó, kí wọ́n tó bí mi. Kò sí fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi nílé. Ẹnikẹ́ni kì í pe orúkọ rẹ̀. Ara ìgò yẹn nìkan ni mo ti rí i kà láyé mi, pẹ̀lú ìlà pupa gbọọrọ lórí rẹ̀.

Ẹni tó fa ìlà yẹn ni ọ̀gá wa, Ọ̀kan-ni-wọ́n. Àwa la fún un ní ìnagijẹ yẹn, nítorí kò sí ẹranko méjì tí ẹ máa gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní sọ pé ọ̀kan ni wọ́n. Ẹ gbé ewúrẹ́ àti àgùntàn wá, á fọwọ́ pa irùngbọ̀n, á ní ká má kánjú. Màámi ti kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀lọ́ àwọn ní àmì yẹ́lò nínú itan. Sipíríìtì fọ àmì náà dànù. Nígbà tí Màámi fẹ̀yìn tì, Ọ̀kan-ni-wọ́n gbé ìgò náà wò, kò rí yẹ́lò kankan, ó ní kò yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀lọ́ inú koríko tí gbogbo ayé ti mọ̀ tipẹ́, ó sì fa pupa. Kì í ṣe ọ̀tá wa o. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló kọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti rí bàíìrò pupa lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi kí n já a gbà.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo ti fi fóònù gba ohùn àwọn ọ̀pọ̀lọ́ inú koríko sílẹ̀ lẹ́bàá kòtò omi, mo jókòó sí kíṣìnì Màámi, mo ń fi búrẹ́dì mu tíì, mo ń gbọ́ wọn. Màámi ń ká aṣọ nínú yàrá.

"Ta ló ń bèèrè ọkọ́ níbẹ̀ yẹn?" Wọ́n kígbe láti inú yàrá.

"Ọkọ́ kẹ̀? Ọ̀pọ̀lọ́ ni, Màámi."

"Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọ́ ni, ṣé ìwọ lo kọ́ mi ní ọ̀pọ̀lọ́ ni? Ọ̀kan ń bèèrè ọkọ́, ìkejì ń dúró de ọkọ̀. Ìwọ tó yẹ kó o máa wá ọkọ, o ò tilẹ̀ gbọ́ àwọn tó ń wá tiwọn!"

Mo ti la ẹnu láti fèsì, mo sì pa á dé. Mo dá ohùn náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ́, ọkọ́, ọkọ́: ohùn ń gòkè. Láti ẹ̀gbẹ́ kejì kòtò: ọkọ̀, ọkọ̀, ọkọ̀: ohùn ń sọ̀ kalẹ̀. Yéè! Àwa tí wọ́n ti ń nà láti kékeré nítorí pé wọ́n ní ká gbé igbá wá, a sì lọ ń wá ìgbá, kí ló dí wa létí? Ẹ sì mọ ohun tó dí wa létí. Ọ̀kan-ni-wọ́n ló kọ ìwé tí gbogbo wa fi kọ́ṣẹ́, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ohùn wọn ni ọkọ, ọkọ." Kò fi àmì sí i! Ẹni tó ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i ti pa odidi ẹ̀yà ẹranko kan rẹ́, gbogbo wa sì ń kà á bẹ́ẹ̀, a sì ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

"Màámi!" mo pariwo, "ẹ ti là á!"

"Kí ni mo là? Jẹun ẹ tán."

Wọ́n ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Èmi náà ò sáré lásán. Mo dé ibi iṣẹ́, mo fa Ayàwòrán dìde lórí àga rẹ̀. Òun ló ń ya àwọn ẹranko wa, ọ̀rẹ́ mi ni, ó sì máa ń ráhùn bí ẹni tí wọ́n fi ìráhùn wẹ̀. A gbé ọpọ́n ńlá kalẹ̀, a bu omi díẹ̀ sí i, a gbé sípíkà kan sí ìhín, ìkejì sí ọ̀hún. Ìhín ń ké ọkọ́, ọ̀hún ń ké ọkọ̀. Akọ ọ̀pọ̀lọ́ ló máa ń ké, abo ló máa ń wá a lọ. A gbé abo kan tí ẹyin kún inú rẹ̀ sí àárín.

Ó jókòó. Ó ṣẹ́jú. Ayàwòrán ní, "Ìyáàfin yìí ò rí ẹni tó wù ú." Kó tó pa ẹnu dé, abo náà ti fò, ó tún fò, ó fi orí sọ sípíkà ọkọ́. A gbé òmíràn síbẹ̀: ọkọ̀ ló lọ bá. A pààrọ̀ ipò àwọn sípíkà, ó yí padà, ó tẹ̀ lé ọkọ̀ rẹ̀. Gbogbo àwọn tí a mú wá ló mọ tiwọn, kò sí èyí tó ṣi ọkọ fẹ́. Mo ń fò sókè, Ayàwòrán náà ń fò, omi ọpọ́n ti dà sí bàtà wa.

"Kí ló dé?" Ọ̀kan-ni-wọ́n ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé iná ń jó yín ni?"

Mo ṣe é lójú rẹ̀. Ó wò ó, ó ní ká tún un ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun, ó gbé etí sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì: ọkọ́, ọkọ̀, ọkọ́, ọkọ̀. Ó dìde.

"Méjì ni wọ́n," ó ní.

Ayàwòrán di tábìlì mú. A ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọkùnrin yìí rí.

"Ó dáa," ọ̀gá ní, ó ti ń rìn sókè sódò bí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ mú lọ sóde, "ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n èwo ni ti ìyá ẹ? Òkú ọ̀pọ̀lọ́ kì í ké. Tó bá jẹ́ ọkọ́ ló wà nínú ìgò wọn, orúkọ wọn jí dìde lónìí, kò sẹ́ni tó lè gbà á mọ́. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ni, bí mo ṣe rò pé ọ̀pọ̀lọ́ inú koríko ti àtijọ́ jẹ́, orúkọ yẹn á kú títí láé. Ìwọ lo sì máa sọ ọkọ́ lórúkọ tuntun."

Èmi náà fẹ́ sọ ẹ̀yà kan lórúkọ láyé mi, ta ni kò fẹ́? Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ èyí tí mo máa fi sin ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kejì. Mo sọ fún un pé ká wá àmì tí sipíríìtì ò lè fọ̀.

Láti ìgbà náà, ohùn ni a fi ń pín wọn, kì í ṣe àwọ̀. Ọkọ́ sí ọpọ́n kan, ọkọ̀ sí ọpọ́n kan. A wọn orí, a wọn itan, a ka ìka: wọ́n bára dọ́gba. Ayàwòrán ń ya àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, ó sì ń ráhùn pé, "Àwọn ọkọ́ yìí ń dá mi lágara. Kókó wo ló wà lábẹ́ gìgísẹ̀ gbogbo wọn yìí?"

Èmi àti ọ̀gá wo ara wa. A fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí gbára níbi awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Kókó kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, bí orí abẹ́rẹ́, lẹ́sẹ̀ gbogbo ọkọ́, takọtabo. Kò sí lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kankan.

"Mo ti rí kókó yìí rí!" Ọ̀kan-ni-wọ́n fọwọ́ gbá iwájú orí. "Mo rò pé èyí tó bá wù ú ló ń ní in! Nítorí mo ti da gbogbo wọn pọ̀!"

Mo ní ká má ṣí ìgò náà láìjẹ́ pé Màámi wà níbẹ̀. Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn, wọ́n fi ẹ̀yìn kọ mí, wọ́n ń nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Mi ò lọ," wọ́n ní. "Wọ́n ti pa á lẹ́ẹ̀kan. Èmi lò ń fẹ́ kó wá jókòó wò ó kí wọ́n tún un pa?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ nìyẹn. Mo kàn dì mọ́ wọn láti ẹ̀yìn, mo ń sunkún sí wọn lọ́rùn, wọ́n ní kí n má nu ikun mi sí aṣọ àwọn. Ní ọjọ́ kejì, kí n tó wẹ̀ tán, wọ́n ti wọ bàtà, wọ́n ti dúró sẹ́nu ọ̀nà tàwọn ti báàgì, wọ́n ń bèèrè ohun tó ń dá mi dúró.

Ọ̀kan-ni-wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún wọn láàárín àwọn ìgò. "Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Káàárọ̀, àbúrò. Ewú ti gba orí ẹ."

"Èmi ni mo pa á, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó."

Ó kọ́kọ́ gbé olórúkọ ti ọ̀pọ̀lọ́ inú koríko wá. Kò ní kókó, ọkọ̀ ni. Ó wá ṣí ti Màámi. Ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ náà ti ká mọ́ra, gìgísẹ̀ rẹ̀ wọ abẹ́ itan lọ, ó sì ti le. Ó fi ẹ̀mú fà á díẹ̀díẹ̀, Ayàwòrán ń sọ pé, "Ẹ rọra, ẹ rọra," títí Màámi fi ní kó panu mọ́. Ẹsẹ̀ náà nà. Ọ̀gá tẹjú mọ́ awò. Ó pẹ́ níbẹ̀, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kíkankíkan.

Ó dìde, ó fa àga sẹ́yìn fún Màámi. Màámi jókòó, wọ́n fi ojú sí awò, ọwọ́ wọn di etí tábìlì mú.

"Ó wà níbẹ̀," wọ́n ní pẹ̀lẹ́. Wọ́n tún wò ó. "Kókó ni. Ó wà níbẹ̀!"

Igbe tí mo ké, àwọn ará òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sáré sọ̀ kalẹ̀. Ayàwòrán ń jó láàárín pẹpẹ, ọ̀gá ń pariwo "Méjì ni wọ́n! Méjì ni wọ́n!" sí gbogbo ẹni tó bá yọjú. Màámi ò gbé ojú kúrò níbi awò. Omi ojú wọn ti bo dígí rẹ̀, wọn ò ríran mọ́, wọ́n ń na ọwọ́ òsì sẹ́yìn, wọ́n ń wá nǹkan láti fi nù ún. Wọ́n pè mí pé kí n mú aṣọ wá, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi pè mí.

Wọ́n ti fi orúkọ àbúrò wọn pè mí rí, wọ́n ti fi ti aládùúgbò pè mí, tí inú bá ń bí wọn wọ́n á ka orúkọ gbogbo ẹbí kí wọ́n tó kan tèmi. Wọn ò fi ti ẹ̀gbọ́n mi pè mí rí, kódà wọn ò ṣèèṣì pè é.

"Mà," mo ní, mo sì mú aṣọ náà lọ fún wọn.