Àwọn Èrò Inú Bọ́ọ̀sì Bàbá Gcabashe

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu: Bàbá Gcabashe mọ eré sá. Bàbá náà lẹ́sẹ̀. Wàhálà tirẹ̀ ni pé kò lè sáré níbi tí kò bá ti sí ẹni tó máa wò ó.

Nínú ẹgbẹ́ asáré wa ní Ntabende, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá máa ń dá sáré tiwọn níwájú. A kì í rí wọn mọ́ títí a ó fi bá wọn lábẹ́ àgọ́ ẹgbẹ́, tí ẹran sísun á ti wà lẹ́nu wọn, tí wọ́n á máa bi wá pé kí ló dá wa dúró. Àwa yòókù, àwa onídìí ńlá, àwa eléékún dídùn, bọ́ọ̀sì là ń wọ̀. Kì í ṣe bọ́ọ̀sì tó ń mu epo o. Ẹnì kan ló máa ń di igi kan tí àsíá wà lórí rẹ̀ mú, òun ni dírẹ́bà. Àwa èrò á tò sẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ní ká rìn, a ó rìn. Tó bá ní ká sáré, a ó sáré, orin la ó sì máa kọ títí. Iṣẹ́ dírẹ́bà kò ju ẹyọ kan lọ: kó kó wa dé òpin kí ìbọn tó dún.

Ìbọn yẹn ni ọ̀gá gbogbo wa. Bí àkókò bá ti ń pé lọ, òṣìṣẹ́ kan á lọ dúró sórí ìlà òpin, á kẹ̀yìn sí àwọn tó ń bọ̀ kí àánú wọn má baà ṣe é, á gbé ìbọn sókè. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan ìlà kó tó dún gba mẹ́dà tí wọ́n ń fi kọ́rùn. Ẹni tó bá ku ìṣísẹ̀ kan fún, kó máa lọ bu omi sára nílé. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Mandlakayise Gcabashe ni alága ẹgbẹ́, òun náà sì ni dírẹ́bà. Ìdí kántà ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti fẹ̀yìntì, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ aráyé tò sórí ìlà. Nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀, èrò kan kò gbọdọ̀ kọjá dírẹ́bà, èrò kan kò sì gbọdọ̀ wo aago tirẹ̀. Ó ní ọkọ̀ kan kì í ní dírẹ́bà méjì. Tí èèyàn bá ní ká yára díẹ̀, á ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìyàwó rẹ̀, MaCele, ló máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Òun ló ń gbé omi ọkọ, òun ló ń gbé iyọ̀ tí ọkọ ń lá kí iṣan má baà fà á, òun náà ló ń dá orin. Ohùn obìnrin yẹn ló ń gbé wa gun òkè, àmọ́ tí a bá délé tán, ọkọ rẹ̀ là ń kí.

Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ ń sọ ìtàn yìí ni Zibuyile MaNgubane, tó ń rán aṣọ iléèwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi. Obìnrin tó sanra ni, kì í sì fi pamọ́. Eré ńlá oṣù kẹfà ló wà lọ́kàn rẹ̀, èyí tí gbogbo ilẹ̀ yìí máa ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n wò láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kéèyàn forúkọ sílẹ̀ fún un láìjẹ́ pé ó ti sá máratọ́ọ̀nù kan dé òpin kí ìbọn tó dún. Lọ́dún tó kọjá, inú rírun ló dá a dúró. Lọ́dún yìí, ó tún wọ bọ́ọ̀sì wa nínú eré kan létíkun, ni Bàbá Gcabashe bá dá gbogbo wa dúró lójú ọ̀nà nítorí pé ó rí kánsẹ́lọ̀ kan tó fẹ́ kí. Ìgbà tí wọ́n fi béèrè àlàáfíà ìyá kánsẹ́lọ̀ tán, ìbọn ti dún. Eré tiwa ní Ntabende ló kù, lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n á ti ìlẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń lé e gan-an. Kò gbé ojú kúrò lórí aṣọ tó ń rán. Bhekizitha ọkọ rẹ̀ máa ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọ̀rá ni ìyàwó òun ń gbé lọ sá sóòrùn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

“Thobekile,” ó ní, “gbogbo ohun tó wà nínú ilé yẹn, títí kan ẹ̀rọ ìránṣọ yìí, ó ní òun lòun rà á. Mo ń wá ohun kan ṣoṣo tí kò ní lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀.”

Ọjọ́ eré pé. Kùrukùru bo gbogbo ìlú, òtútù ń jẹ wá létí. A tò sí ẹ̀yìn pátápátá níbi tí bọ́ọ̀sì máa ń tò sí, ni oníròyìn kan láti Durban bá gbé kámẹ́rà dé, ó ní òun fẹ́ ya bọ́ọ̀sì Ntabende. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni làákàyè ti bá Bàbá Gcabashe lọ sí ìrìn àjò. Ó to àwọn gíga sẹ́yìn, ó tún to àwọn gíga síwájú. Ó ní kí n fa ikùn mi wọlé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó gbé àgbọ̀n sókè, ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà ni ìbọn ìbẹ̀rẹ̀ ti dún. Èrò pọ̀ níwájú wa bí eṣú, a kàn ń fa ẹsẹ̀ nílẹ̀ ni. Ó pẹ́ díẹ̀ ká tó dé ìlà ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ dírẹ́bà wa kan ìlà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ aago ọwọ́ rẹ̀.

Mo rí i. Ọmọ ọdún kìíní nínú ẹgbẹ́ asáré mọ̀ pé láti ìgbà tí ìbọn ìbẹ̀rẹ̀ bá ti dún ni wọ́n ti ń ka àkókò fún gbogbo ayé, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìnkùlé lo wà. Mo rò pé á fi orí ara rẹ̀ ṣírò ìṣẹ́jú tó ti lọ mọ́ ọn. Ẹni tó ti ń wakọ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, ta ló fẹ́ fi sítíárìn hàn án?

A kọrin kọjá ìlú, a kọrin kọjá oko ìrèké. A jẹ pòtétò oníyọ̀ lórí tábìlì àwọn alámójútó, Bàbá Gcabashe sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà pé òun ló kó gbogbo àwọn wọ̀nyí. Ó fi wá rìn níbi tó yẹ ká ti sáré. Ó ní ká má kánjú, ilé ló wà níwájú yẹn.

A dé ìsàlẹ̀ Ezinyembezini, òkè tó kẹ́yìn. Òkè yẹn ti pa àgbà lẹ́kún. Ibẹ̀ ni Zibuyile ti ká apá súẹ́tà rẹ̀ sókè, ó sì wo aago tó fi pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, èyí tó ti tẹ̀ nígbà tí ìbọn dún. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà, ó bi í wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ṣé láti ìgbà ìbọn ni aago yín ti ń kà.

“MaNgubane,” Bàbá Gcabashe ní, “abẹ́rẹ́ àti òwú lo mọ̀. Padà sórí ìlà.”

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Zibuyile yíjú sí wa, ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn gun òkè lọ bó ti ń sọ̀rọ̀.

“Ẹ gbọ́, aago tí wọ́n ń wò nídìí ìlà òpin kọ́ ni dírẹ́bà ń wò. A ti pẹ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì gbé e, kó jẹ́ ká jọ lọ.”

Kò sẹ́ni tó mira. Àwọn kan ń wo bàtà wọn. Orúnkún mi ń ta mí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, kì í ṣe orúnkún ló dá gbogbo wa dúró. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí alága pe orúkọ òun nípàdé. Zibuyile pòṣé, ó yí padà, ó sì gba ọ̀nà òkè lọ ní òun nìkan, ìdí rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì. Bàbá Gcabashe na àsíá rẹ̀ sókè, ó ní ká fi orin sìn ín. MaCele sì dá a:

Ó bọ́ sílẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ o,
Ẹsẹ̀ ń yá ẹni tí kò mọ̀nà,
Ó bọ́ sílẹ̀!

Orin yẹn dùn, Ọlọ́run kò ní bi mí. A fi lé e títí ó fi kọjá orí òkè.

Ìgbà tí àwa náà dé orí òkè, a rí pápá iléèwé níwájú wa, a rí ìlà òpin, a rí kámẹ́rà. Bẹ́ẹ̀ ni dírẹ́bà tún na ọwọ́ pé ká dúró. Ó ní ká tò ní méjì-méjì. Ó ní kí a ki síńgílẹ́ẹ̀tì bọ inú ṣòkòtò. Ó ní kí ẹni tí ikun wà nímú rẹ̀ nù ún, pé àwọn ará Durban kò gbọdọ̀ rí wa báyìí. A nu imú. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìyàwó tí wọ́n ń mú lọ sílé ọkọ.

Ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá sọ̀rọ̀. Ó ní ó ku ìṣẹ́jú kan.

Bàbá Gcabashe wo aago rẹ̀. Ó wo ibi tí ohùn ti jáde. Èmi ni mo wà ní ẹ̀gbẹ́ MaCele, mo rí ojú alága dáadáa. Kò ní ká sáré. Kò wo ẹ̀yìn. Ó kàn ki igi àsíá náà bọ̀ mí lọ́wọ́, bí ẹni tó ní kí aládùúgbò bá òun gbé ọmọ dání kí òun sáré lọ tọ̀, ó sì fò lọ. Ẹ wá wo eré! Ẹsẹ̀ tó ti ń fi wá rìn láti àárọ̀ pé kò sí ìkánjú, ẹsẹ̀ yẹn kò kan ilẹ̀ mọ́. MaCele dijú, ó ń gbé orin lọ sókè. Ìgbà tó lajú, ẹ̀yìn ọkọ tó ń tẹ̀ lé kò sí níwájú rẹ̀ mọ́.

A sáré. A kọlu ara wa, a tẹ ara wa mọ́lẹ̀. Bàbá Gcabashe kọjá ìlà, ìbọn dún, èmi sì dé ìlà pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́ àti ẹnu yíya. Ìgbà yẹn gan-an ni kámẹ́rà ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kejì ni mo rí ara mi nínú ìwé ìròyìn, wọ́n ní dírẹ́bà bọ́ọ̀sì tó pàdánù èrò rẹ̀ nìyí. MaCele jókòó sórí koríko. Zibuyile wà ní òdìkejì ìlà pẹ̀lú mẹ́dà lọ́rùn, ó ń bu omi sí ife fún wa. Àwọn kan kọ omi náà.

Ẹ ṣáà máa gbọ́. Ọjọ́ Wẹ́sìdé, ìpàdé pé ní yàrá iléèwé. Mo gbára dì, mo rò pé ọ̀rọ̀ dírẹ́bà la fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ Zibuyile ni. Bàbá Gcabashe jókòó sí iwájú, ó gbé mẹ́dà kọ́ ọrùn lórí táì. Ó ní bíbọ́ tí obìnrin yìí bọ́ sílẹ̀ ló mú ọkàn àwọn èrò rẹ̀wẹ̀sì, tí bọ́ọ̀sì fi pẹ́. Ó ní òun alára wulẹ̀ sáré wọlé kí orúkọ ẹgbẹ́ má baà parẹ́ ni. Àwọn tí kò gba mẹ́dà ń mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni! Akọ̀wé ní a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì, ká fojú fo ti alága. Ó wá dá a lábàá pé kí wọ́n gba ìwé ẹgbẹ́ lọ́wọ́ Zibuyile títí ọdún á fi parí. Gbogbo wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Láìsí ìwé ẹgbẹ́, kò sí eré ńlá, mẹ́dà yòówù kó wà lọ́rùn rẹ̀. Inú bí mi. Wọ́n ní kí ẹni tó fara mọ́ ọn na ọwọ́, ọwọ́ sì bo yàrá. Ti alága ló kọ́kọ́ lọ sókè.

Zibuyile ní ṣé òun lè béèrè ohun kan. Ó dìde.

“Bàbá Gcabashe, èmi àti ẹ̀yin la jọ bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Èmi sọ fún wọn kí n tó bọ́. Ta lẹ̀yin sọ fún?”

Àwọn ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kan fi tirẹ̀ họ orí, ẹnì kan fi tirẹ̀ nu ojú, akọ̀wé fi tirẹ̀ wá bírò nílẹ̀. Ó wá ku ọwọ́ kan ṣoṣo lókè, ọwọ́ alága, ó le gbagidi bí òpó iná.

MaCele wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Sátidé tí a sáré, ìyẹn ni àwọn ará ilé wọn sọ. Nílẹ̀ wa, ìyàwó kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ì báà jẹ́ lójú àlá.

“Mandlakayise,” MaCele ní, “gbé ọwọ́ ẹ sílẹ̀.”

Ó gbé e sílẹ̀.