Ẹ̀rọ Etí Tó Wà Lẹ́yìn Àwo Àlejò

Igi ọsàn kan ló wà láàárín pálọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó wá ṣe níbẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ, orí rẹ̀ kọjá àjà ilé, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì ń gba àárín ewé rẹ̀ bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sórí àwọn àga. Morádékẹ́ mọ igi náà dunjú. Igi ẹ̀yìnkùlé wọn ni, èyí tí wọ́n gé lọ́dún tó tẹ̀lé ikú ọkọ rẹ̀, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ ti ń la ògiri ilé ìdáná. Ó wá dúró sínú ilé bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti ń gbé látijọ́, òórùn òdòdó rẹ̀ sì gba gbogbo pálọ̀ kan.

Abẹ́ igi náà ni Josaya jókòó sí, lórí àpótí kékeré tó máa ń jókòó lé, tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ tó ti ya lábíyá. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọsàn wà lọ́wọ́ òsì. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti sin ín. Ó gbójú sókè, ó rí ìyàwó rẹ̀, ó sì la ẹnu sọ̀rọ̀.

Morádékẹ́ ò gbọ́ ohun tó sọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ká tó dé ibi tí àlá yìí já sí, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ojú obìnrin náà rí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nítorí pé ìbínú ló gbé sùn.

Tíṣà ni Morádékẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, Ìyá Tíṣà náà sì ni gbogbo àdúgbò rẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́ ń pè é títí dòní. Ọdún márùndínlógójì ló fi ń jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé, "Ṣé o ò létí ni?" Ìgbà tó wá di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, etí tirẹ̀ náà di èyí tí wọ́n ń jágbe mọ́. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú àlá yìí, ó gbé ẹ̀wà kaná, ó sì wọ yàrá lọ ká aṣọ. Ẹ̀wà jóná, èéfín gba gbogbo ilé, àwọn aládùúgbò kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ fi ń dùn wọ́n. Kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n já ilẹ̀kùn wọlé, ó tún bínú sí wọn, ó ní irú ìwà jàǹdùkú wo nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Oyèfúnkẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wá láti Ìbàdàn, kò sì fi igbá kan bọ̀kan nínú fún un.

"Màmá, a máa ra ẹ̀rọ etí fún yín. Tó bá ṣiṣẹ́, ẹ máa gbé ilé yín. Tí ò bá ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ mi n'Íbàdàn lẹ̀ ń bọ̀ yẹn, a ó sì fi ilé yìí rẹ́ǹtì."

Ìbàdàn kẹ̀! Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ẹlòmíì. Ká sì fi ilé yìí rẹ́ǹtì, ilé tí òun àti Josaya fi orí ara wọn ru omi tí wọ́n fi gé búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Morádékẹ́ ní òun á lo ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá ní kó lo méjì, á lo mẹ́rin.

Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, dókítà etí, ọmọbìnrin kan tó níwà pẹ̀lẹ́, kó oríṣi méjì síwájú rẹ̀. Ọ̀kan ò ju hóró àgbàdo lọ, inú ihò etí ló ń wọ̀, ojú ẹni kankan ò lè rí i. Ìkejì ń jókòó sẹ́yìn etí, ó sì ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọnú ihò lọ. Kíá ni Morádékẹ́ nawọ́ sí ti àkọ́kọ́.

"Èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní rí ni mo fẹ́."

Dókítà ní kó pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ lójú òun. Bátìrì náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìgbà kẹta ló yí wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ìka tó ti ń ro ò lè di nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ mú. Bó ṣe gba ti ẹ̀yìn etí nìyẹn, ọ̀kan fún etí kọ̀ọ̀kan, tó lejú bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

"Màmá, tẹ́ ẹ bá ti jí láàárọ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́," dókítà ṣàlàyé. "Inú ilé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ò ti sí ariwo púpọ̀. Ó pẹ́ tí ọpọlọ yín ti gbàgbé àwọn ohùn kéékèèké. Díẹ̀díẹ̀ ló máa tún wọn mọ̀."

Morádékẹ́ mi orí dáadáa. Ṣé ẹ mọ ohun tó wá ṣe? Ó gbé ẹ̀rọ délé, ó nù ún, ó dá a padà sínú páálí rẹ̀, ó sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, lẹ́yìn àwọn àwo tánganran tí wọ́n fi wúrà yí létí, àwọn tó ń tọ́jú de àlejò. Lójú tirẹ̀, ohun iyebíye bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wọ̀ gbálẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ló ń mú un jáde, tàbí tó bá ń lọ síbi ìsìnkú, bó ṣe ń mú ìlẹ̀kẹ̀ iyùn rẹ̀ jáde. Ìyẹn ni pé nígbàkígbà tó bá wọ̀ ọ́, àárín èrò ló máa ń wà. Bẹ́ńṣì ń han, ọmọ ń ké, máíkì ń hó, aṣọ léèsì tó wà lára rẹ̀ gan-an ń ró bí ewé gbígbẹ. Ohùn pásítọ̀ nìkan ni kì í gbọ́. Wọn kì í tíì gba ọrẹ tó ti máa ń yọ ọ́ sápò. Á délé, á ní ẹ̀rọ burúkú ni wọ́n tà fún òun.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí ni wọ́n padà lọ síwájú dókítà. Dókítà so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó wò ó, ó tún un wò.

"Màmá, wákàtí mọ́kànlá péré lẹ fi lò ó látoṣù tó kọjá."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀rọ náà ni, mà. Ó máa ń ka iye wákàtí tí wọ́n bá fi wọ̀ ọ́."

Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́! Ẹ̀rọ tí wọ́n rà kó máa bá a gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn ló wá ń rojọ́ rẹ̀ fún wọn. Ojú tì í, inú sì bí i, kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Oyèfúnkẹ́ wa mọ́tò gbé wọn délé. Wọ́n wọ pálọ̀ tán ló wá kọjú sí ìyá rẹ̀, ó ń la ẹnu gbàgà lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń pe ọ̀rọ̀ fún ọmọ iléèwé.

"Ìparí oṣù tó ń bọ̀, Màmá! Tí ò bá sí àyípadà, ẹ máa kó ẹrù yín!"

"Má pariwo mọ́ mi!"

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo gbọ́!"

Òótọ́ ni, ìyẹn yé e yékéyéké. Oyèfúnkẹ́ wọ yàrá lọ, ó pa ilẹ̀kùn dé. Morádékẹ́ fa ẹ̀rọ yọ létí, ó tì í mọ́ ẹ̀yìn àwo, ó sì na ara rẹ̀ sórí àga gígùn. Ó ń bínú sí dókítà, ó ń bínú sí ọmọ, ó ń bínú sí etí. Ibẹ̀ ni oorun ọ̀sán ti gbé e lọ, tó sì rí igi ọsàn láàárín pálọ̀.

"Kí lẹ wí?" ló bi Josaya.

Josaya tún sọ̀rọ̀. Ètè rẹ̀ ń mì, ọ̀bẹ rẹ̀ ò dúró. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló máa ń bó ọsàn fún un nígbà ayé rẹ̀, èèpo rẹ̀ kì í já láti orí dé ìdí. Èyí náà ò já. Ó gùn bọ̀ láti ọwọ́ rẹ̀, ó sì ká jọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Morádékẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ gbé etí, ó tẹ̀ síwájú. Kò sí nǹkan kan.

"Mi ò gbọ́ yín, Bàbá Fúnkẹ́. Ẹ dúró, ẹ má lọ o. Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀rọ mi."

Ó sáré sídìí kọ́bọ́ọ̀dù. Kọ́bọ́ọ̀dù ti ga ré kọjá ibi tí ojú rẹ̀ lè dé. Ó yọ àwo kan, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó yọ ìyẹn, òmíràn tún wà níbẹ̀. Ó ń tò wọ́n sílẹ̀, ilẹ̀ ń kún, páálí ẹ̀rọ ò yọjú.

"Ta ló to ìtòkutò báyìí?" ló ń bú, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé òun ni.

Ó mọ àwo wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Oyèfúnkẹ́ ṣì wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tó rà wọ́n. Josaya máa ń rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìgbà wo lèmi náà máa jẹun nínú àwo yìí?" Òun á sì dáhùn pé, "Ẹ jẹ́ kí àlejò dé ná." Abọ́ irin ni ọkùnrin náà fi jẹun títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ ni gbogbo àwo náà kọ́kọ́ jáde pọ̀, àwọn àlejò sì jẹun nínú wọn, wọ́n ní àwo náà dára.

Ó bojú wẹ̀yìn. Ọsàn ọwọ́ Josaya ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó tán. Morádékẹ́ mọ̀ dájú, láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un, pé bí èèpo yẹn bá já bọ́, ọkùnrin náà máa dìde lọ. Ó tún yọ àwo. Ó tún yọ àwo. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, ẹkún ẹni tí nǹkan sú pátápátá.

Èèpo bọ́ sílẹ̀. Josaya dìde. Ó rìn gba àárín àwo tó kún ilẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ kan ìkankan. Ó gba èyí tó wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gé orí ọsàn, ó gbé e sínú àwo náà, ó sì nu ọ̀bẹ mọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì, ìwà tí Morádékẹ́ fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bá a jà lé lórí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ó wí, oríkì ìyàwó rẹ̀ tó máa ń pè. Ohùn rẹ̀ ni, kò gbé e sókè. "Àlejò wo là ń dè?"

Morádékẹ́ wo ọsàn tó wà nínú àwo àlejò.

"Jẹ ọsàn rẹ," Josaya wí.

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù nígbà tó lajú. Kò sí igi, kò sí àpótí. Omijé ti tutù sí i lọ́rùn. Ó jókòó fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ìbínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń bínú sí mọ́, ara rẹ̀ ni.

Ó dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Àwo mẹ́fà péré ló wà níwájú páálí náà. Ó yọ ẹ̀rọ, ó fi ti ọ̀tún sí òsì, ẹ̀rọ súfèé mọ́ ọn fíín, obìnrin náà pòṣé, ó yọ ọ́, ó tún un ṣe. Fáànù ló kọ́kọ́ dún sí i létí, ó ń pariwo bíi kẹ̀kẹ́ tí kò rí epo. Aago ara ògiri tẹ̀lé e, èyí tó ti rò pé ó ti kú. Sálúbàtà rẹ̀ náà tún ń gbálẹ̀ ṣàà, ṣàà, bí ẹni tó ń tẹ̀ lé e. Gbogbo rẹ̀ sú u. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan etí láti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó mú àwo kan. Ó mú ọsàn kan nínú agbọ̀n ilé ìdáná, ó mú ọ̀bẹ, ó padà wá jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Èèpo tirẹ̀ já lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dé àárín. Ó fẹ́ jù ú nù. Àfi bí ohùn kékeré kan ṣe dé etí rẹ̀, ohùn ọ̀bẹ tó ń gba abẹ́ èèpo tútù kọjá.

Ó dáwọ́ dúró, ohùn náà dúró. Ó tún tẹ ọ̀bẹ, ohùn náà tún dé.

Ó ju ogójì ọdún lọ tó fi jókòó ti ohùn yẹn nírọ̀lẹ́, kò mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Kò sì mọ ọjọ́ tó fi òun sílẹ̀ lọ. Josaya ṣì wà láàyè, ó ṣì ń bó ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà tí ohùn ọ̀bẹ rẹ̀ ti kú sí i létí. Ìyẹn dùn ún wọ eegun. Ó ń sunkún, ó ń bó ọsàn, ó sì ń gbọ́ ọ.

Ìró ẹsẹ̀ kan dún lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà.

"Oyèfúnkẹ́, wọ sálúbàtà," ó wí láìwẹ̀yìn, "ilẹ̀ tutù."

Ọmọ náà dúró gbagidi. Ó wo ẹ̀yìn etí ìyá rẹ̀, ó wo àwo olówúrà tó wà lórí itan rẹ̀, ó wo bùbá ilé tó ti ṣá lára rẹ̀. Ó kígbe bó ṣe máa ń kígbe.

"Màmá, níbo lẹ̀ ń lọ? Àbí àlejò ń bọ̀ ni?"

"Má pariwo," Morádékẹ́ wí. Ó gé orí ọsàn, ó gbé e sínú àwo, ó sì tì í sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. "Mi ò lọ síbì kankan."