Ta Ló Kú Tí A Ó Fi Fárí?

Ẹ gbọ́ ná, irú ìpàdé wo ni wọ́n ń pe èèyàn sí lẹ́yìn tí wọ́n ti fẹnu kò tán? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní wọ́ọ̀dù obìnrin nílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ kan lẹ́yìn àwọn iléeṣẹ́ l'Ágége. Ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè, Yẹ́misí, ọ̀gá nọ́ọ̀sì, á kó àwọn aláìsàn jọ pé kí wọ́n wá dá sí ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù wọn. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ó parí.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó ní iná orí ti wọ wọ́ọ̀dù, onígbàjámọ̀ ń bọ̀ ní Wẹ́sídeè wá fá orí gbogbo wọn.

Ọládùnní dìde. Ọmọ Oǹdó ni, irun ló ń dì jẹun kí àìsàn tó dé. Wọ́n ti fá orí rẹ̀ rí, nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Àwọn ẹbí ọkọ dì í mú títí irun fi tán lórí. Ó ti búra pé ẹnikẹ́ni ò ní fá a mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló kú?"

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní kò sẹ́ni tó kú.

"Ta ló wá ní ká fárí? A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Iná ló wọlé, ẹ jẹ́ ká pa iná."

Àwọn nọ́ọ̀sì ní àìsàn rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Háà! Ó sunkún, àìsàn ni. Ó rẹ́rìn-ín, àìsàn ni. Ó tún sọ òótọ́, àìsàn náà ni? Ó dun Ọládùnní wọra.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò Sìlífátù, aláìsàn kan ní wọ́ọ̀dù náà, gbé oògùn iná orí wá nígbà tó wá kí i. Sìlífátù yìí àti Ọládùnní kì í bára wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí àwọn méjèèjì ń dù. Lọ́jọ́ náà, wọ́n jọ fọ orí gbogbo wọ́ọ̀dù ni.

Nígbà tí onígbàjámọ̀ dé, ó bá gbogbo obìnrin nílẹ̀, tí wọ́n tò tẹ̀léra, tí kálukú ń di irun ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ìka lásán ni wọ́n fi ń yà á, torí àwọn nọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kí aláìsàn mú ìyarun.

Ojú ọ̀gá nọ́ọ̀sì le. Ó ní ó dáa, kí àwọn tún ìpàdé ṣe níbẹ̀: ẹni tó bá gbà kí wọ́n fá orí, kó nawọ́ sókè.

Gbogbo ọwọ́ wà nínú irun. Onígbàjámọ̀ dúró títí, ó ká wáyà kílípà rẹ̀.

Ọládùnní ò tilẹ̀ gbójú sókè. Orí Sìlífátù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ bá wa kọ ọ́ sílẹ̀, mà," ó ní. "A ti fẹnu kò."