Bàbá Ajíbóyè Ní Kí Kóráà Wá Jẹun

Ọkùnrin kan wà ní Baṣọ̀run tó ní àbúrò bàbá mẹ́sàn-án, gbogbo wọn ló sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọkùnrin yìí ń fẹ́ Moróunkẹ́. Adégbénró, tíṣà ìṣirò tó ń gbé yàrá kan ní Àgbowó, náà ń fẹ́ Moróunkẹ́, òun gan-an ni Moróunkẹ́ sì fẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá Adégbénró ti kú, bàbá rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ìjọ ló gbé dàgbà. Àbúrò bàbá kan ṣoṣo ló kù ú kù, Kánò ni ìyẹn sì wà.

Bàbá Moróunkẹ́, Díákónì Ajíbóyè ti Mọ́níyà, kò fi ọ̀rọ̀ náà bò. "Mi ò kórìíra rẹ, tíṣà," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní fọmọ fún ẹni tí kò ní ẹbí. Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, ta ni n ó fẹjọ́ rẹ sùn? Pátákó ìkọ̀wé?" Wọ́n wá dá ọjọ́. Bí aago mẹ́rin bá lù lọ́jọ́ Sátidé tí wọn ò tíì rí ẹnì kan tó dìde sọ pé "ọmọ wa nìyí", kí Adégbénró yáa gba kámú, nítorí àwọn àbúrò bàbá mẹ́sàn-án ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Adégbénró kọ lẹ́tà sí Kánò. Àbúrò bàbá rẹ̀, Ọládipọ̀, fèsì pé òun á wá, kí wọ́n ṣáà pàdé òun ní Ring Road, ibi tí ọkọ̀ máa ń já àwọn sí. Ọmọ ọdún méje ni Adégbénró nígbà tí wọ́n fojú kan ara wọn kẹ́yìn. Moróunkẹ́, tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ládùúgbò náà, ló mú ilé oúnjẹ tí wọn yóò lò, ti àwọn ará Lẹ́bánónì kan, àwọn tí a ń pè ní Kóráà. Ó ní wọn kì í ta ọtí níbẹ̀, Díákónì ò ní rí nǹkan wí. Adégbénró tún kọ lẹ́tà kejì, ó júwe ilé oúnjẹ náà: "Tábìlì tí ẹ bá ti rí ọmọkùnrin kan, ọmọbìnrin kan àti àgbàlagbà kan, èèyàn mẹ́ta péré, àwa nìyẹn."

Ọjọ́ ìmọ́tótó ni Sátidé náà bọ́ sí, ọjọ́ tí ìjọba ológun ń lé gbogbo ìlú jáde wá gbálẹ̀, kí ọkọ̀ tó rìn lọ́jọ́ náà, ọ̀sán ti pọ́n. Aago méjì ni wọ́n jókòó. Adégbénró gbé fìlà rẹ̀ lé àga kẹrin kí ẹnikẹ́ni má baà gbà á.

Elíásì, Kóráà tó ni ilé oúnjẹ, ọkùnrin sísanra tó gbọ́ Yorùbá bí ọmọ Òkè-Àdó, ló gbé oúnjẹ wá fúnra rẹ̀. Ó gbé búrẹ́dì pẹlẹbẹ kalẹ̀, ó gbé ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n da òróró lé lórí àti ẹran orí igi bíi sùyà, ó sì fi abọ́ ewé tútù gígé wẹ́wẹ́ kan tì í. Bàbá wo ewé náà títí.

"Moróunkẹ́, ṣé wọ́n ń retí ewúrẹ́ ni?"

"Bàbá, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn."

"Ní tútù báyìí?"

Wọ́n gbàdúrà gígùn lé oúnjẹ náà lórí, orí ewé yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú àdúrà náà sì dá lé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ya búrẹ́dì.

Wàyí o, ohun kan wà tí Bàbá Ajíbóyè kò lè ṣe láyé. Wọn kò lè máa jẹun kí ènìyàn kọjá kí wọ́n má pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa. "Ẹ wá jẹun" kò ju ìkíni lọ. Ẹni tí a pè mọ̀ pé "á gba ibi ire" lòun yóò fi dáhùn, kálukú á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bí ẹni tí a pè bá lọ jókòó lóòótọ́, ìyá tó tọ́ ọ ni a ó bá wí.

Elíásì ń gbé omi kọjá lọ.

"Ẹ wá bá wa jẹun o," ni Bàbá wí láìgbójú sókè.

Elíásì dúró.

"Èmi, Bàbá?"

"Ọwọ́ wa rèé."

"Ọdún méjìlá," ni Elíásì wí, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. "Ọdún méjìlá ni mo ti ń gbé oúnjẹ fún èèyàn níbí. Kóráà, mú omi wá. Kóráà, ata ò tó. Kò sẹ́ni tó pè mí wá jẹun rí." Ó gbé fìlà kúrò lórí àga kẹrin, ó fi dé Adégbénró lórí, ó sì jókòó.

Ẹnu Bàbá dúró pẹ̀lú búrẹ́dì nínú. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. "Ẹ káàbọ̀," ni wọ́n wí, bí ẹni tí eyín ń dùn.

Elíásì ké sí ilé ìdáná ní èdè wọn. Ìyàwó rẹ̀ Sàmírà sáré jáde, ọmọ mẹ́rin tẹ̀ lé e, lẹ́yìn wọn ni ìyá Elíásì, arúgbó kan tó wọ dúdú látòkè délẹ̀, tó ń tẹ ọ̀pá. Wọ́n gbé tábìlì mìíràn ti tàkọ́kọ́, wọ́n kó ìkòkò ilé ìdáná jáde pátápátá, wọ́n jókòó.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ tí a bá wá—" ni Adégbénró bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá, ẹ máa jẹun," ni Bàbá wí fún arúgbó náà. Arúgbó náà bu ewé sí abọ́ Bàbá. Bàbá kà á sí àrífín láti ṣẹ́ oúnjẹ ẹni ẹlẹ́ni kù, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Arúgbó náà kà á sí àrífín kí abọ́ àlejò ṣófo, ó tún bu òmíràn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì rẹ́rìn-ín.

Bàdírátù tó ń gbé tòmátì wá fún wọn gba ẹ̀yìn wọlé, kò bá ẹnì kankan nídìí iná, ó bá ohùn wọn wá. Bàbá pè é. Ó ti la ẹnu láti sọ pé á gba ibi ire, ṣùgbọ́n ó rí i pé àwọn Kóráà fúnra wọn ló jókòó yìí, ó ní ìnáwó ni, ó fa àga. Àwọn oníbàárà yòókù wá rí wàhálà tiwọn: ẹni tó ń se oúnjẹ àti ẹni tó ń gbé e wà nídìí tábìlì kan náà. Ebi ò mọ ìtìjú. Wọ́n ń gbé àga wọn bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá sì ń pè wọ́n, ó ń dun Bàbá, síbẹ̀ Bàbá ń pè. Nígbà tí aago mẹ́ta ààbọ̀ fi lù, èèyàn méjìlélógún ló wà nídìí tábìlì náà.

Adégbénró kò wo ìkankan nínú wọn. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́. Moróunkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú lábẹ́ tábìlì.

Ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú báàgì, eruku ti bo dàńṣíkí rẹ̀. Ó wo tábìlì gígùn náà, ó wo Kóráà méje, ó wo Bàdírátù.

"Ẹ wá bá wa jẹun o!"

"Á gba ibi ire o, bàbá. Ẹ ṣeun." Ó tẹrí ba, ó lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ lóun nìkan. Nígbà tí kò rí ẹni tó bi í ní ohun tí yóò jẹ, ó gbórí lé báàgì rẹ̀, oorun sì gbé e lọ.

Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. "Ẹ rí i? Ọmọlúàbí kan ṣoṣo tó wọlé lónìí nìyẹn."

Aago ara ògiri lù mẹ́rin. Bàbá nu ẹnu, wọ́n dìde. "Tíṣà, mo jẹ, mo yó, mo tún jẹ ewé. Àwọn èèyàn rẹ dà?"

Adégbénró dìde. Ó fẹ́ sọ pé ọkọ̀ á ti bàjẹ́ lọ́nà ni. Dípò bẹ́ẹ̀, ohun tó jáde ni, "Bàbá, mi ò ní ẹnì kankan."

Arúgbó náà fa ọmọ rẹ̀ lápá, ó bèèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Elíásì ṣàlàyé fún un. Arúgbó náà fi ọ̀pá lu ilẹ̀, ó sọ̀rọ̀ títí, Elíásì sì ń túmọ̀ rẹ̀.

"Màmá ní irú ìbéèrè wo nìyẹn. Ó ní ṣé ọmọ náà dá jókòó ni? Ó ní ẹ̀yin lẹ pè wá, a sì ti jẹ iyọ̀ kan náà. Ọmọ wa nìyí." Elíásì bọ́ bàtà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ tẹ̀ lé e. Bàdírátù kúnlẹ̀: "Ọmọ wa ni, Bàbá, ẹ fún wa!" Àwọn tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ náà dọ̀bálẹ̀, nítorí wọ́n ti jẹun.

Bàbá wo ẹ̀yìn àwọn tó wà nílẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà.

"Moróunkẹ́, mélòó ni wọ́n?"

"Mọ́kàndínlógún, Bàbá, pẹ̀lú Màmá."

"Ti Baṣọ̀run ńkọ́?"

"Mẹ́sàn-án, sà."

"Ẹ dìde," ni Bàbá wí. "Mo ti fún yín."

Ariwo ayọ̀ ló jí ọkùnrin inú kọ̀rọ̀. Ó nu ojú, ó rìn tọ Elíásì lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá. Tíṣà kan tó ń jẹ́ Adégbénró ni mò ń wá. Wọ́n ní èèyàn mẹ́ta ni n ó bá."

Adégbénró wo ọkùnrin náà. Etí bàbá rẹ̀ ló rí lára rẹ̀. Ó ké, "Bàbá Kánò!" ó sì dọ̀bálẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ta nìyí?" ni Bàbá bèèrè.

"Àbúrò bàbá mi, sà."

Bàbá wo Ọládipọ̀ pẹ̀lú àánú. "Mo pè yín, ẹ ní á gba ibi ire. Ìwà yín dára ju ti gbogbo àwọn wọ̀nyí lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò níwà ni mo ti fún lọ́mọ. Bí ẹ bá fẹ́ wà nínú ẹbí ọkọ, ẹ lọ bẹ Kóráà."

Màmá Elíásì ti fa àga. Ó bu ewé kún abọ́, ó sì fi ọ̀pá júwe ìjókòó. "Jẹun," ló wí. Yorùbá kan ṣoṣo tó gbọ́ nìyẹn.

Ọládipọ̀ la ẹnu. Gbogbo wa la mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó wo Adégbénró, ó wo ewé tútù náà, ó sì jókòó.