Ìkòkò Tí Kì í Hó

"Ta ló ṣí ìkòkò yìí?"

Kíákíá kò tíì bọ́ bàtà. Àpò ṣì wà léjìká rẹ̀, òórùn ọṣẹ ilé ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́ ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wo bàbá rẹ̀ tó fi ọwọ́ kan di ọmọrí ìkòkò mú, tó sì fi ọwọ́ kejì mú ṣíbí. Oru ti bo dígí ojú bàbá náà.

"Èmi ni." Bàbá gbé ọwọ́ tó fi mú ṣíbí sókè, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ náà bo ẹnu kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, bó ṣe máa ń ṣe láti bí oṣù mẹ́rin. "Ta ni ì bá tún ṣí i? Ṣé ẹlòmíì wà nílé ni?"

"Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ṣí i, àbí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan kẹ̀!" Ó dun Bàbá, bí ẹni tí wọ́n pè ní ọ̀lẹ. "Gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Wò ó níbẹ̀."

Ó fi ṣíbí tọ́ka sí ògiri. Ó ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà wẹ́wẹ́ síbẹ̀, bó ṣe máa ń fà á sára pákó nígbà tó ṣì ń ta ẹran. Kíákíá kà wọ́n. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni.

"Ì bá jù bẹ́ẹ̀ lọ," ni Bàbá wí, "àmọ́ mo lọ tọ̀ nígbà méjì mẹ́ta."

Kíákíá mú fọ́ọ̀kì, ó fi gún ẹran. Fọ́ọ̀kì náà wọlé díẹ̀, ó dúró. Aago mẹ́rin ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ku àádọ́ta ìṣẹ́jú kí àlejò dé.

Ìkòkò náà kì í ṣe ti orí iná. Iná mànàmáná ló ń lò. Abọ́ dúdú kan tó wúwo ló wà nínú rẹ̀, dígí sì ni ọmọrí rẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ ló fi ń se ẹran, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò ní hó, kò ní ta sílẹ̀, kò ní jóná. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni pé kí èèyàn fi ọmọrí rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí i, ooru tó ti kó jọ á bá tirẹ̀ lọ, yóò sì tó ogún ìṣẹ́jú kó tó kó òmíràn jọ. Ọjọ́ tí Kíákíá gbé e wálé, Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kíákíá ló lọ ra ìkòkò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́!"

Òun ló fún un ní orúkọ yẹn láti kékeré, nítorí pé ọmọ náà ti ń sáré kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí eyín rẹ̀ ti lọ. Ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu títí ẹ̀rín náà fi tán.

Alápatà ni Bàbá. Ogójì ọdún ló fi gé ẹran, Ọ̀bẹmú ni wọ́n ń pè é nídìí iṣẹ́, ó sì lè ya egungun ìhà lọ́kọ̀ọ̀kan láìwo ọwọ́ rẹ̀. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, dókítà eyín yọ ìwọ̀nba eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ṣe eyín àtọwọ́dá fún un, ṣùgbọ́n ó ń gé e ní èrìgì, inú ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ ló wà. Láti ọjọ́ náà, kò jẹun níbi tí ojú wà mọ́. Á gbé àwo pòtétò tí wọ́n gún wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn. "Alápatà tí kò lè jẹ ẹran," ló wí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì tún un sọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù ni Awakọ̀, tó máa ń fi ọkọ̀ kó ẹran wá fún un ní gbogbo ọdún yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Awakọ̀ ti wá kí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni Bàbá pariwo láti inú yàrá pé, "Sọ fún un pé mò ń sùn." Nígbà kẹta, Awakọ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń yí fìlà lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ rèé, ó ń sùn. N ò lè fipá bá èèyàn ṣọ̀rẹ́. Tí mo bá tún wá, tó tún ń sùn, ó parí nìyẹn."

Kíákíá sáré tẹ̀ lé e dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. "Ẹ wá ní Sátidé, Bàbá Awakọ̀. Aago márùn-ún. Ìhà ẹlẹ́dẹ̀ ni mo máa sè. Bàbá mi á jókòó tì yín."

Kò bi Bàbá kó tó ṣèlérí. Nígbà tó sọ fún un, Bàbá wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ìhà ẹlẹ́dẹ̀. Kí n fi kí ni jẹ ẹ́? Etí?"

"Á rọ̀, Bàbá. Ahọ́n lásán lẹ máa fi jẹ ẹ́."

"Bó bá rọ̀, mo máa jókòó. Bí kò bá rọ̀, mò ń sùn."

Àdéhùn tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ní Sátidé, Kíákíá jí, ó fi iyọ̀, ata, ààyù àti oyin pa ẹran náà lára, ó tẹ́ àlùbọ́sà sísàlẹ̀ ìkòkò, ó da tòmátì lé e, ó sì tan iná rẹ̀ ní aago méje. Inú bọ́ọ̀sì ló wà nígbà tó rántí pé òun ò kìlọ̀ ọmọrí fún Bàbá. Ó yọ fóònù, ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́.

Ní báyìí, ó ju àpò rẹ̀ sórí àga.

"Bàbá, mo ní kí ẹ má ṣí i!"

"O ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!"

"Kíákíá, mi ò tíì ya wèrè." Bàbá yọ fóònù rẹ̀ lápò, ó nà án sí i. "Kà á."

Kíákíá kà á. *Baba e ma si ikoko o. Mo n bo laago merin.*

Kò sí àmì kan lórí rẹ̀. Ó tún un kà. *Ẹ má ṣí ìkòkò* ló wà lọ́kàn rẹ̀. *Ẹ máa ṣí ìkòkò* ni Bàbá kà. Bákan náà ni méjèèjì rí lójú fóònù. Kíákíá ló fi kọ ọ́, kíákíá ló fi ránṣẹ́.

Ó gbójú sókè kó lè sọ ọ́. Ìgbà yẹn ló tó wo Bàbá dáadáa. Ó ti wẹ̀. Ó ti fá irùngbọ̀n. Ó wọ ẹ́wù tó ní bọ́tìnnì, ó sì so aṣọ ìdáàbòbò ìgbà iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ìdí, èyí tí Kíákíá rò pé ó ti jù nù. Láti oṣù mẹ́rin, Bàbá kì í pẹ́ ní ilé ìdáná ju kó gbé àwo. Lónìí, ó ti dúró síbẹ̀ láti àárọ̀.

"Òótọ́ ni," ni Kíákíá wí. "Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

"Èmi náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ ìwọ lo ni ìkòkò."

"Ó kù díẹ̀ kó rọ̀."

"Ó kù púpọ̀. Má purọ́ ẹran fún mi." Bàbá dé ọmọrí náà padà. "Àti pé o ò bó awọ fẹ́lẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Aago mọ́kànlá ni mo rí i. Mo kó gbogbo rẹ̀ jáde, mo bó o, mo kó o padà. Ta ló kọ́ ẹ ní ìhà sísè? Ká ní o sè é báyẹn di ọ̀la, rọ́bà lò bá máa bù fún èèyàn."

Kíákíá yí iná ìkòkò náà sókè dé òpin. Ó ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án mọ́, á di nǹkan bí aago méje.

Ní aago márùn-ún gééré, wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Bàbá tú okùn aṣọ ìdáàbòbò rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Àdéhùn ni. Kò rọ̀."

"Á rọ̀ tó bá di aago méje. Ẹ jẹ́ ká jọ dúró dè é."

"Kí n wá fi ẹnu òfìfo yìí jókòó ní iwájú rẹ̀ fún wákàtí méjì? Sọ fún un pé mò ń sùn." Ó ti kọjú sí ọ̀nà yàrá rẹ̀.

Àmọ́ Kíákíá kò ti ilẹ̀kùn nígbà tó wọlé, Awakọ̀ kò sì ní sùúrù mọ́. Ó tì í ṣí, ó wọlé, fìlà lọ́wọ́.

"Mo ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn," ló wí. Ó wá rí ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń lọ. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ọ̀bẹmú. Ṣé oorun náà ti tún dé?"

Bàbá dúró. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Awakọ̀ gbé fìlà rẹ̀ dé.

Kíákíá kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Ká ní ó mọ̀ ọ́n, ì bá sọ ọ́ nígbà yẹn. Fóònù Bàbá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì nà án sí Awakọ̀.

"Bàbá Awakọ̀, ẹ bá wa ka nǹkan yìí kẹ́ ẹ tó lọ."

Awakọ̀ gbé fóònù jìnnà sójú. "'Bàbá, ẹ má ṣí ìkòkò o.' Kí ló dé? Ṣé ó ṣí i ni?"

Bàbá yí padà wàràwàrà. "Ẹ kí ni?"

"Ẹ má ṣí i."

"Ẹ *máa* ló wà níbẹ̀! Gbé dígí rẹ wọ̀!"

"Mo wọ dígí. Ta ló ń se ẹran tó máa ní kí wọ́n máa ṣí i? Ṣé ó fẹ́ kí o máa kí i ni?"

Bàbá wo Kíákíá. Kíákíá tọ́ka sí ògiri. Awakọ̀ wọ ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìka ka ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, sókè ketekete. Nígbà tó dé ogún, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Agbára káká ló fi kà á tán. Ó di etí tábìlì mú, ẹ̀rín sì mú un débi pé fìlà já bọ́.

"Ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ẹran náà ì bá ti dìde, kó bọ́ sóde, kó lọ wá ibi tí wọ́n á ti sè é!"

Bàbá gbìyànjú láti bínú. Ó gbìyànjú dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà gba imú rẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà ó gba ẹnu, ó sì ní láti fi ọwọ́ méjèèjì di ògiri mú kó má baà ṣubú.

Ọwọ́ méjèèjì. Awakọ̀ gbójú sókè, ó sì rí i.

Ẹ̀rín dúró.

"Ọ̀bẹmú. Eyín dà?"

Bàbá fẹ́ gbé ọwọ́ sókè, ó wá fi sílẹ̀. "Ó ti lọ."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Ṣé torí ìyẹn lo ṣe ń sùn látìgbà yìí?" Awakọ̀ fa àga, ó jókòó. "Mo rò pé mo ṣẹ̀ ọ́ ni. Mo ti fọ́ orí mi tán. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá ọ sọ lọ́dún yìí ni mo tún gbé yẹ̀ wò, mò ń wá èyí tó burú nínú rẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ rẹ burú lóòótọ́," ni Bàbá wí, "àmọ́ kì í ṣe tìtorí ẹ̀." Ó fa àga kejì, ó sì jókòó.

Wọ́n dúró de ẹran náà. Nígbàkigbà tí ọwọ́ Bàbá bá ń rìn lọ sídìí ọmọrí, Awakọ̀ á gbá a. "Má! Kì í ṣe máa!" Kíákíá ń bó pòtétò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ tí ọwọ́ kò bò.

Aago méje kọjá díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Bàbá fi ìka méjì mú orí egungun kan, ó fà á. Egungun náà yọ lófìfo, ó mọ́ tónítóní bíi pé wọ́n fọ̀ ọ́, ẹran sì dùbúlẹ̀ sínú àwo. Bàbá yí egungun náà wò.

"Ta ló gé ìhà yìí? Kò mọ iṣẹ́ rárá."

Ó wá bu ẹran náà sẹ́nu. Ó fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ẹnu, ó gbé e mì. Kò sọ pé ó dùn. Ó mú egungun kejì.

"Èmi ni mo ní eyín níbí," ni Awakọ̀ wí, "mi ò tíì rí nǹkan kan fún un ṣe."

Egungun mẹ́fà ló kù sínú àwo Bàbá nígbà tó dìde, ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Awakọ̀ tún ń bọ̀ ní aago márùn-ún. Bàbá ti lọ ra ìhà náà fúnra rẹ̀, ó ti bó awọ ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀. Kíákíá tan ìkòkò náà ní aago márùn-ún ìdájí dípò méje, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nínú bọ́ọ̀sì, ó yọ fóònù.

*Baba e ma si ikoko o.*

Kò pẹ́ tí èsì fi dé. *Ewo ninu mejeeji?*

Kíákíá gbé ìka sókè láti tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà. Ó tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó ro ti ìlà ara ògiri ilé ìdáná, tí òun kò tíì nù. Bọ́ọ̀sì dúró níbi méjì, àwọn èèyàn sọ̀ kalẹ̀, àwọn mìíràn wọlé. Ó wá tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn.

*Eyi to ba wu yin.*