Fèrèsé Ẹ̀yìn Ilé Ọ̀ṣẹ́nì

Ọ̀ṣẹ́nì tó ń ta báàgì ní Douala kò bínú pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe bíríkìlà. Ohun tí kò yé e ni ìfẹ́ tí ọmọ náà ní sí ilé àtijọ́. Gbogbo Sátidé ni Àmírát ń kó èèyàn kiri Bonanjo, àdúgbò tí ilé àtijọ́ pọ̀ sí, tí á máa fi òpó hàn wọ́n: ẹsẹ̀ rẹ̀ rèé, ara rẹ̀ rèé, orí rẹ̀ rèé, kò sì gbọdọ̀ sí èyí tó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀ṣẹ́nì a ní ẹ wá wo àwọn tí kò tíì kọ́lé, tí wọ́n ń yẹ ilé onílé wò.

Nígbà tí Ọ̀ṣẹ́nì náà wá ń kọ́lé sí Yassa, Àmírát lọ bá a.

"Papa, abeg, fún mi façade, iwájú ilé yìí," ló wí. Douala ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ já gaara. "Òpó mẹ́rin, corniche, etí tó yọ síta, lókè. Tí mi ò bá ní ilé kan tí mo lè fi han les clients, kò sí ẹni tó máa fún mi níṣẹ́. Mo máa fi iṣẹ́ bíríkìlà sílẹ̀, màá wá ta báàgì."

Ṣùgbọ́n Ọ̀ṣẹ́nì ti bá oníṣẹ́ alumíníọ́mù sọ̀rọ̀ nípa iwájú ilé náà: gíláàsì aláwọ̀ búlúù láti òkè délẹ̀.

"Bàbá Àmírát," ni Àjọkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wí, "ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

Kí wọ́n má baà yọ ọ́ lẹ́nu mọ́, Ọ̀ṣẹ́nì fún ọmọ ní fèrèsé kan péré kó fi dánra wò: fèrèsé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé. Ó rò pé yóò bínú. Àmírát kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ìkúnlẹ̀ yẹn dun bàbá díẹ̀.

Àmírát gé páànù bó ṣe fẹ́ kí iṣẹ́ náà rí, ó ń fà á lórí sìmẹ́ǹtì tútù títí etí kan fi yọ síta lókè fèrèsé, ní ìpele-ìpele bí ìṣẹ́tí aṣọ.

"Kí nìyí wà fún?" ni Ọ̀ṣẹ́nì bi í.

"Òjò, Papa. Omi á jábọ́ síwájú, kò ní kan ògiri."

Ọ̀ṣẹ́nì rẹ́rìn-ín. Òjò Douala tó ń gba àṣẹ, kò tíì rí irú rẹ̀ rí.

Òjò dé lóòótọ́. Oníṣẹ́ alumíníọ́mù ní gíláàsì òun kò tíì dé, ọ̀dà funfun tuntun sì ń di dúdú, ó ń hu èéhù yí ilé ká. Lọ́jọ́ kan, Abdulbaqi ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá láti Japoma wá kí i kú ilé tuntun. Ó gba bútà, ó lọ sẹ́yìnkùlé, kò sì tètè dé. Ọ̀ṣẹ́nì rò pé inú ló ń run ún, ló bá tẹ̀ lé e. Ó bá a lórí ìdúró, bútà lọ́wọ́, ó ń wòkè. Gbogbo ògiri ti dọ̀tí, àfi abẹ́ fèrèsé yẹn tó funfun kinniwin.

"Ta ló ṣe eléyìí?"

"Àmírát ni."

"Ẹ̀yìn ilé rẹ dára ju iwájú rẹ̀ lọ, Ọ̀ṣẹ́nì. Ṣé ibí ni àlejò á máa gbà wọlé ni?"

Ojú ti Ọ̀ṣẹ́nì. Láràárọ̀ ló ń gbé bútà kọjá níbẹ̀, kò gbójú sókè rí. Fèrèsé náà rẹwà, ó sì dùn ún pé àlejò ló kọ́kọ́ rí i.

Nígbà tí oníṣẹ́ alumíníọ́mù wá fi téèpù wọn iwájú ilé, Ọ̀ṣẹ́nì mú un lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi Faransé bi í bóyá ó lè ṣe irú èyí. Ọkùnrin náà ní òun kò lè ṣe é.

"Ọmọ mi lè ṣe é," ni Ọ̀ṣẹ́nì wí. Ó wá pe Àmírát. "Òpó mẹ́rin tó o wí, ibo lo fẹ́ rì wọ́n sí?"

Àmírát mú igi, ó ń fi sàmì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn èèyàn tí Àmírát máa ń kó lọ sí Bonanjo ya wá sí Yassa. Òpó kankan kò tíì dúró níwájú ilé, nítorí náà Ọ̀ṣẹ́nì dé fìlà rẹ̀ tó dára jù, ó sì ṣíwájú gbogbo wọn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.