Àwòrán tí Wọ́n Ní Ó Dorí Kodò

Afẹ́fẹ́ ìlú Bahía Blanca ní Argentina burú débi pé irùngbọ̀n ọkùnrin lè ṣáájú rẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó máa mi Dókítà Pagliardini, wọn ò tíì bí i. Òun ni ọ̀gá Zulema ní ẹ̀ka ìṣirò yunifásítì, ìfọwọ́sí rẹ̀ nìkan ló sì kù kí ọmọbìnrin náà tó gboyè. Tí kò bá rí i gbà kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, iṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n fi pamọ́ dè é ní Tandil ti di ti ẹlòmíì nìyẹn.

Ẹ̀sùn wo ni wọ́n fi kàn án? Àwòrán ìṣirò tó yà fún oyè náà dorí kodò.

Àwòrán àgbà wà lára ògiri Dókítà: àmì tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, ìlà so wọ́n pọ̀ láti ilẹ̀ dé àjà. Mú méjì tó bá wù ọ́ nínú wọn, wọ́n níbi tí wọ́n ti ń pàdé lókè, wọ́n níbi tí wọ́n ti ń pàdé nísàlẹ̀. Òfin kan tún wà nínú rẹ̀ tó ń sọ òkè di ìsàlẹ̀, tó ń sọ ìsàlẹ̀ di òkè. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Dókítà fi yà á. Ṣọ́ọ̀kì tó lò tó kun ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣẹ́kù fún ilé àlùfáà.

Ni Zulema bá bọ́ gbogbo ẹran kúrò lára àwòrán náà, ó ku egungun: àmì mẹ́fà lókè, mẹ́fà nísàlẹ̀, kò kọ orúkọ sí ìkankan, ìlà kan ṣoṣo ń lọ sókè sódò láàárín wọn bí eyín ayùn. Orí bébà tí alápatà fi ń di ẹran ló yà á sí. Látinú egungun yẹn, èèyàn lè tún gbogbo màlúù orí ògiri tò padà, tìwo tìrù.

"Egungun náà dáa," Dókítà ní, ó ń fa matẹ́, tíì ewé tí wọ́n jọ ń mu nínú igbá kékeré kan. "Àmọ́ orí ló fi ń rìn."

"Dókítà, bí wọ́n ṣe ń yà á ní Buenos Aires nìyẹn."

"Ṣé Buenos Aires ló ń fọwọ́ sí i fún ẹ? Níbí, ohun tó kéré, ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Olóògbé tó dá ẹ̀ka yìí sílẹ̀ ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ yí i."

Ofelia, olùkọ́ àgbà tó ń bu matẹ́ fún wọn, da omi gbígbóná sínú igbá. "Ọmọ mi, yí i fún un. Nítorí òkè àti ìsàlẹ̀ yìí, àwọn méjì wà nínú ilé yìí tí wọn ò kí ara wọn mọ́ láti ìgbà tí eyín mi ṣì pé."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Zulema jókòó láti tún un yà, inú ń bí i bí ẹni tí wọ́n ní kó fi ṣíbí gbẹ́ kànga. Ó kọ́kọ́ dorí bébà náà kodò kó lè mọ bí tuntun ṣe máa rí. Ó wò ó títí. Mẹ́fà lókè, mẹ́fà nísàlẹ̀, eyín ayùn. Ó tún yí i padà. Nǹkan kan náà ni. Òfin tó ń sọ òkè di ìsàlẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀, èyí tí Dókítà fúnra rẹ̀ kọ́ ọ lọ́dún àkọ́kọ́.

Ó gbé bébà náà lọ, pẹ̀lú àbààwọ́n ọ̀rá rẹ̀.

"Ṣé o ti yí i?"

"Mo ti yí i, Dókítà." Irọ́ kọ́.

Dókítà wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, ó gbé awò lé imú. "Ẹ ẹ̀n. Ṣé o rí i báyìí? Ìyàtọ̀ rẹ̀ ń pariwo. Afọ́jú á rí i."

Ofelia yọjú wo bébà náà, ló bá ń wú ikọ́ tí kò wú rí.

Àlàyé ti dé ẹnu Zulema. Ó rántí Tandil, ó gbé e mì. Dókítà fọwọ́ sí i, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ bíi pé ọba ni.

Ofelia na igbá matẹ́ sí Zulema. Ó fà á gbẹ, ó dá a padà.

"Ẹ ṣé," ló ní. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ sí igbá matẹ́, ó ti yó nìyẹn; ẹnikẹ́ni ò ní bu fún un mọ́.